Àwọn Méjì Inú Gíláàsì Ọkọ̀

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí mo bá pe nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n bí o bá fo ọ̀rọ̀ mi, n óò mọ̀, nítorí ọwọ́ ẹ á ti dúró nígbà tí ẹnu mi ò tíì dúró.

O ní kí n sọ èwo ni. Láti àárọ̀ lo ti ń gbé fóònù wá síwájú mi, o ní, "Ìyá àgbà, ẹ wò ó dáadáa. Obìnrin méjì ló jókòó sórí bẹ́ńṣì yìí. Èwo ló bí mi nínú wọn?" Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rí nínú fóònù ẹ kò ju èéfín lọ, èéfín funfun lókè, èéfín aláró nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bẹ́ńṣì yẹn. Mo mọ ẹni tó jókòó sí apá ibo. N óò sọ fún ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tí n kò sọ ọ́.

N kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Táyé àti Kẹ́hìndé kì í ṣe orúkọ nílùú yìí. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìgbó-Ọrà tí o pe Táyé, mẹ́wàá á dáhùn, ewúrẹ́ kan á sì gbójú sókè. Èmi náà, láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, Ìyá Ìbejì ni mò ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́rin là ń jẹ́ ẹ ní agboolé kan ṣoṣo. Wọ́n á pè, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́.

Táyé ló bí ọ. Kẹ́hìndé ló tọ́ ọ. Ìyẹn ò pamọ́ sí ọ mọ́. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ohun tí kò sọ fún ọ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnu wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní agboolé wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ṣe ohun tí Táyé ṣe, a kì í pe ohun náà ní orúkọ tí à ń pè é fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní bí èyí tó kù bá gbọ́ ọ, á ní kí ẹnìkejì òun dúró de òun. Ọjà la máa ń sọ. Àlejò á dé, á ní, "Táyé ńkọ́?" A ó ní, "Ó lọ sọ́jà." Bó bá jẹ́ ọmọ ibí, á ti gbọ́. Á mi orí, á bu omi mu, á dìde.

Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. O ò tíì pé ọdún kan. Bàbá ẹ wá láti Lánlátẹ̀, ó jókòó títí oòrùn fi wọ̀, ó ní òun ò lè dá ọmọ ọwọ́ tọ́. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Ó fi ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

O bi mí lánàá bóyá mo sunkún. N kò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo ní ẹ̀gẹ́ nínú omi, ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ó ti rọ̀. Mo kó o jáde, mo fún un, mo sá a sórí àpáta fún láfún. Oòrùn mú lọ́sẹ̀ yẹn. Láfún náà funfun. Àwọn tó rà á yìn ín.

Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. "Màámi dà?" Gbogbo ilé á ní, "Ó lọ sọ́jà." Àwa tí à ń sọ ọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìwọ, ọjà ni o gbọ́. Bí ọjà bá ti pé, o ó gbé àpótí ìjókòó kékeré ẹ sẹ́nu ọ̀nà, o ó máa wo àwọn tó ń bọ̀, ẹrù lórí. Bí ó bá ṣú díẹ̀, o ó gbé àpótí ẹ wọlé. O kì í sunkún. O ó kàn sọ pé, "Ọjà ò tíì tú."

Kẹ́hìndé wà l'Ékòó nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Láti ìgbà tí nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀, kò lè wọ ilé. Ó lé lọ́dún kan kó tó wá. Ọjọ́ ọjà ló sì dé, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìdèrè, ó gbé ẹrù lérí, ó ń bọ̀ tààrà lójú ọ̀nà tí ò ń wò. Ojú Táyé. Ìrìn Táyé. O dìde lórí àpótí. O ké pé, "Màámi ti ọjà dé!" O sáré lọ, o dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀. Mo ń bó ẹ̀gẹ́. Kẹ́hìndé wò mí láti orí ẹ. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ì bá ti tán. Mo tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, mò ń bó o.

O ní, "Màámi, kí lẹ rà bọ̀ fún mi?"

Kẹ́hìndé sọ ẹrù kalẹ̀. Ó tú u. Ó ní, "Búrẹ́dì ni."

O jẹ búrẹ́dì náà. Ó parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ni ìyá ẹ. Bó bá ti lọ s'Ékòó, ọjà ló lọ. Bó bá dé, ó ti ọjà dé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni ọkọ Kẹ́hìndé ti Jámánì dé. Ó ti fẹ́ ẹ ṣáájú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, ó wá wá mú un. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ló gbé wá, dúdú, ó ń dán bí ọ̀kùn. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n dé. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn ó máa lọ, àwọn ó sì mú ọ dání. Èkó ni wọn ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà òkè òkun. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà pé ọmọ àwọn ni ọ́.

Mo gbọ́. Mo ní ó dára. Kò burú, àbí kí ló burú ńbẹ̀? Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó, pé bí ọmọ yìí bá ti gun ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un mọ́. Èmi nìkan ló kù, ẹnu mi ò sì gbà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní fún ọ ni ọjà, ọjà yẹn náà ló sì tàn ọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a sọ ọ́ lórúkọ, bàbá ẹ gbé onífídíò wá láti Èrúwà. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, gèlè Táyé ni mo fi wé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré la wò ó, nílé tíṣà onígbàgbọ́ kan tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ iná àdúgbò jóná, tíṣà kó lọ, a ò sì rí iná tàbí fídíò mọ́.

Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àáfà ṣàdúrà tán, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, wọ́n gbé ọ sáàárín. Aṣọ kan náà, gèlè kan náà. Ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń ṣìnà lọ́jọ́ náà. Wọ́n á kí Kẹ́hìndé pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o," òun náà á ní, "Ewu iná kì í pa àwòdì," á sì fọwọ́ pa ikùn tí kò bí nǹkan kan. Mo rò ó pé bí mo bá fi hàn ọ́ pé méjì ni wọ́n, n kò ní í la ẹnu rárá. Ìka lásán ni n óò fi tọ́ka. Ìka ò dá ẹ̀ṣẹ̀ èèwọ̀.

Ọkọ̀ náà ní gíláàsì kékeré kan nínú, níwájú, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ọ̀nà ló wà fún, ọkọ Kẹ́hìndé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ní Jámánì, bí èèyàn bá ti sọ ibi tó ń lọ fún un, á máa ya ọ̀nà náà síwájú rẹ̀, obìnrin kan á sì máa sọ ibi tó máa yà sí. Ó ṣí ọkọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní tòótọ́.

Mo kí i. Mo ní, "Ẹ kú ọ̀nà o."

Ọkọ Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kò sí nínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ ni."

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní òun ò mọ ibi tí a wà."

"Ọ̀nà Ìdèrè rèé níwájú rẹ̀. Ẹ sọ fún un."

Mo wo inú gíláàsì náà. Funfun báláú ni, bí ilẹ̀ tí a sá láfún sí. Ọfà pupa kékeré kan wà láàárín rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Àwa la jẹ́ ọfà yẹn, ọkọ Kẹ́hìndé ló wí bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Jámánì nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí pé kò wúlò fún un níbí, ó ní kí àwọn máa fi wo fíìmù. Ó ra fídíò kékeré kan dání. Ó ránṣẹ́ pe ríwáyà, ọkùnrin kan láti Ìgàngàn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ríwáyà dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó rìn yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àlàájì, ọkọ̀ yìí mọ ìwé jù mí lọ." Ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó tú iwájú ọkọ̀ títí ó fi dà bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó na wáyà láti ẹ̀yìn gíláàsì náà, ó mú un gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé búùtù, níbi tí fídíò wà. Ó bù ú jẹ, ó fi tépù dúdú wé e, ó tún bù ú jẹ.

Kẹ́hìndé ní, "Ẹ rọra o, kí ẹ má jẹ wáyà tó ń gbé iná."

Ríwáyà ní, "Ìyàwó, iná ti mọ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ mi."

Nígbà tó ṣe tán, ó sọ nǹkan kan tí mo rántí. Ó ní bí ọkọ̀ bá dúró, tí wọ́n fa hándíbíréèkì sókè, fíìmù á máa hàn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ọkọ̀ rìn, fíìmù á lọ, ọ̀nà á padà. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe tò ó nìyẹn, òun ò sì lè yí i.

Ọkọ Kẹ́hìndé nawọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó, kò rí nǹkan. Ó ní, "Áà. Kásẹ́ẹ̀tì mi wà l'Ékòó. Ṣé kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan nílé yìí tí a lè fi dán an wò?"

Mo ní, "Ó wà."

Mo wọ yàrá. Kẹ́hìndé tẹ̀lé mi. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn títí mo fi kó aṣọ jáde nínú àpótí, tí mo tú gèlè náà.

Ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ wo ọmọ mi."

"Òun ńkọ́? Ẹ fẹ́ kí òun náà wò ó?"

"Ó lójú."

Kẹ́hìndé mú gèlè tí mo tú sílẹ̀, ó ká a, ó tún un ká. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò ju wákàtí mẹ́ta lọ mọ́ kí a tó lọ." Mo ní mo mọ̀.

Oòrùn ò jẹ́ kí gíláàsì náà hàn. Ríwáyà ní àfi kí a bo ọkọ̀. A kó aṣọ wá. Ìró mi méjì la fi bo iwájú, ẹní ìkírun la fi bo apá kan, aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà la fi bo èkejì. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé aláìsàn ló wà nínú ẹ̀. Èmi jókòó níwájú, mo gbé ọ lé itan. Kẹ́hìndé jókòó sẹ́yìn. Ríwáyà wà nídìí búùtù, ọkọ Kẹ́hìndé dúró tì í. Inú ọkọ̀ ń rùn bí ilé ìtajà tuntun. Ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ooru mú. Ríwáyà ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́.

Ọfà lọ. Gíláàsì náà ṣú, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ojú ń yún, àwòrán sì dé. Ilé wa ni. Ẹnu ọ̀nà wa, bẹ́ńṣì, àwọn àwo iyọ̀, oyin, obì. Àáfà ń ṣàdúrà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan.

O ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀?"

Ríwáyà dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ohùn ń bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló wọ̀." Ó fa wáyà kan. Ohùn ò wá. Ó ní òun á wá wáyà ohùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, níbo lẹ ó wà?

Èmi, ohùn ni mo gbójú lé. Kẹ́hìndé máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, Táyé máa ń fà á. Láti kékeré, bí wọ́n bá pè mí látinú yàrá, n kì í wo ojú. Wàyí, ojú nìkan ni mo ní, ojú ọ̀hún sì jọra.

O rí mi nínú rẹ̀. O ní, "Ìyá àgbà, ẹ sanra!" Mo ní mo máa ń jẹun nígbà yẹn ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọmọ láàárín. Ẹnìkan sọ nǹkan kan fún wọn tí a ò gbọ́, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan la ẹnu sílẹ̀, ó ń rín in. Èkejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo kàn mọ̀ ọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé èyí ni ilé òun.

O yí ọrùn padà, o wo Kẹ́hìndé lẹ́yìn. O tún wo gíláàsì. O ní, "Màámi, ẹ di méjì."

O tún wò ó. O ní, "Èwo ló lọ sọ́jà?"

Mo gbé ìka sókè. Èyí ni mo tìtorí ẹ̀ tú àpótí. Ìka mi súnmọ́ gíláàsì náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí i tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lórí èékánná mi. Kò ju pé kí n kàn án lọ.

Kẹ́hìndé ní, "Èmi ni." Kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ pé òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Mo lọ, mo sì ti dé."

O ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." O sì fẹ̀yìn tì mí láyà.

Ìka mi ṣì wà lókè. Mo fi nu eruku lójú gíláàsì náà. Eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọkọ Kẹ́hìndé ṣí ìlẹ̀kùn nígbà náà, ó ká aṣọ iwájú kúrò, ó jókòó sídìí sítíárì. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, ó ń ṣiṣẹ́! Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá òótọ́ ni ríwáyà ń sọ." Ó sọ hándíbíréèkì sílẹ̀, ọkọ̀ yí díẹ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ. Funfun dé, pẹ̀lú ọfà pupa tí kò sí lórí ọ̀nà kankan. Obìnrin inú ọkọ̀ sọ ohun tó máa ń sọ.

O bi mí pé, "Kí ló ń wí, Ìyá àgbà?"

Mo ní, "Ó ní òun ò mọ ibi tí a wà."

Wọ́n kírun Jímọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n kó ẹrù sí búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. O juwọ́ sí mi títí ọkọ̀ fi kọrí sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Mo ká ìró mi lórí ilẹ̀, mo gbọn ẹní ìkírun. Nígbà tí mo padà sídìí àpótí, gèlè Táyé wà níbẹ̀, ó wà ní kíká dáadáa, kò sí kásẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Kẹ́hìndé ti mú un lọ. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́ nù ni. N kò bi í. Kò sọ ọ́ nù. Ó tọ́jú rẹ̀ títí o fi dàgbà, ó gbé e lé ọ lọ́wọ́, o sì rí ẹni tó bá ọ kó o sínú fóònù. O ní téèpù ti bu, kò sí ohùn mọ́. Èmi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ ilé tíṣà.

O ní o bi Kẹ́hìndé èwo ni, ó ní, "Lọ bi ìyá mi. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu." Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo sì mọ ìdí tó fi rú ọ lójú. Bí Kẹ́hìndé bá rẹ́rìn-ín lónìí, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu, ìwọ náà ti rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀. O rí i bẹ́ẹ̀, o wá rò pé ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu lórí bẹ́ńṣì, Kẹ́hìndé ni. Òun kọ́.

Kọ èyí dáadáa. Ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu, lápá ọ̀tún ẹ bí o ṣe ń wò ó, òun ni Táyé. Òun ló bí ọ. Kò lọ sọ́jà. Ó kú.

Gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi. Dì í mú, kó má lọ bíi ti ọjọ́ náà. Mú ìka mi. Ṣé ojú rẹ̀ ni mo kàn yìí?